Ẹ má fagi lé ọ́dà tó há kí ẹ tó mọ ibi tó há sí

Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ẹ ní ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí Excel, pé wọ́n ra sọ́fítíwíà tó ń darí ọ́dà àwọn oníbàárà, àti pé ọ́dà bíi 40 ti há sórí "In Progress" láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ọ̀gá yín fẹ́ kí ẹ fagi lé gbogbo wọn kí ẹ sì tún wọn tẹ̀. Ẹ wá ń béèrè bóyá ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyẹn, àti bí sọ́fítíwíà náà ṣe ń gbé ọ́dà láti ìgbà tí oníbàárà bá sanwó títí íntánẹ́ẹ̀tì yóò fi wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fagi lé ẹyọ kan nínú wọn lónìí. Mo ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́rin ní ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, ohun tí ọ̀gá yín ní kí ẹ ṣe yìí gan-an ni mo sì ṣe. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ṣì ń dùn mí.

Ọ̀nà tí ọ́dà ń gbà kò ṣòro láti sọ. Òṣìṣẹ́ ìtajà tẹ ohun tí oníbàárà rà. Sọ́fítíwíà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ, àdírẹ́sì àti owó pé. Ó wá lọ sínú katalọ́ọ̀gì, níbi tí a ti kọ ọ́ pé ohun tí oníbàárà mọ̀ sí ẹyọ kan, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì fáìbà ti ilé, jẹ́ iṣẹ́ mẹ́fà tàbí méje lábẹ́lẹ̀. Ó tú ọ́dà náà sí wẹ́wẹ́: pọ́ọ̀tù kan (ihò tí a ń ki wáyà bọ̀) lórí splitter (àpótí tó ń pín fáìbà kan sí ọ̀pọ̀ ilé) tó wà ní orí òpó, VLAN kan (ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún dátà oníbàárà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), ẹ̀rọ ONT kan (èyí tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara fáìbà) tí a ó gbé lọ sílé oníbàárà, ọjọ́ tí àwọn tó ń gun òpó yóò lọ, àṣẹ tí a ó fi ránṣẹ́ sí OLT (ẹ̀rọ ńlá tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́, tó ń darí àwọn ONT), àti àkáǹtì tí a ó ṣí fún bíìlì. Àwọn kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí lè máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn gbọ́dọ̀ dúró de ara wọn. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, ọ́dà di "Completed". Ìwé ìlò tí wọ́n fún yín yóò sọ èyí fún yín. Ohun tí kò ní sọ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹyọ kan nínú àwọn iṣẹ́ náà bá kọ̀ tí kò lọ.

Ní ọdún 2019, dókítà obìnrin kan tó ní ilé ìwòsàn kékeré ní Èkó sanwó fáìbà fún wa. Ọ́dà rẹ̀ wọlé ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó gba pọ́ọ̀tù kan lórí splitter, wọ́n fa wáyà wọlé, wọ́n gbé ONT kọ́ ara ògiri, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì kò wọlé. Lójú sọ́fítíwíà, ọ́dà náà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba fóònù àwọn oníbàárà fagi lé e, ó sì tẹ òmíràn. Ìyẹn náà há. A tún fagi lé e, a tún tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni a tẹ ọ́dà obìnrin yìí láàárín ọjọ́ 23, èmi gan-an ni mo sì tẹ ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà ni pé nínú irú sọ́fítíwíà báyìí, ààlà kan wà tó jẹ́ pé bí ọ́dà bá ti kọjá rẹ̀, a kò lè fagi lé e bí ẹni ń nu pátákó mọ́. Ní tiwa, ààlà náà ni ìgbà tí àwọn tó ń gun òpó bá ti parí iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ọ́dà tó lè parẹ́, sọ́fítíwíà gbọ́dọ̀ tú ohun tó ti ṣe láti ìparí padà sí ìbẹ̀rẹ̀: kí ó ti àkáǹtì bíìlì pa, kí ó yọ àṣẹ kúrò lórí OLT, kí ó dá VLAN padà, kí ó sì tú pọ́ọ̀tù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò sì lè tú ohun tí ènìyàn kò bá kọ́ ọ láti tú. Àwọn konsọ́tántì tí ilé-iṣẹ́ wa kó wá ti kọ ọ̀nà àlọ pé pérépéré. Ọ̀nà àbọ̀ ni wọn kò kọ fún gbogbo ọ́dà tó bá ti kọjá ààlà yẹn. Nítorí náà, nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì, ojú kọ̀ǹpútà a kọ "Cancelled", ọkàn wa a sì balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni pọ́ọ̀tù tí ọ́dà náà ti gbà ṣì wà lórúkọ dókítà.

Splitter tó wà ní òpó náà ní pọ́ọ̀tù 8. Ilé mẹ́ta ti ń lo mẹ́ta nínú wọn tẹ́lẹ̀. Ọ́dà márùn-ún tí a tẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo gba márùn-ún yòókù, ó sì di pé lójú àkọsílẹ̀, àpótí náà ti kún. Láàárín àkókò yẹn kan náà, sọ́fítíwíà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́dà àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé kò sí ààyè. A dá owó wọn padà, a sì sọ fún wọn pé fáìbà kò tíì dé òpópónà wọn, nígbà tí wáyà wa ń kọjá lórí òrùlé wọn. Nígbà tí mo bá àwọn tó ń gun òpó lọ, tí a sì ṣí àpótí náà, wáyà mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀, pọ́ọ̀tù mẹ́rin sì ṣófo. Mo dúró sí ìdí òpó yẹn fún ìgbà pípẹ́. Títí di ọjọ́ náà, ohun tí ojú kọ̀ǹpútà bá sọ ni mo gbà pé ó wà lórí òpó.

Kí ló mú kí ọ́dà àkọ́kọ́ há? Lẹ́tà kan ṣoṣo ni. ONT tí ń lo GPON, ìyẹn ìlànà tí fáìbà kan fi ń sin ọ̀pọ̀ ilé, ní serial number tí OLT fi ń dá a mọ̀: lẹ́tà mẹ́rin fún ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, lẹ́yìn náà ni àmì 8 tó lè jẹ́ òǹkà láti 0 dé 9 tàbí lẹ́tà láti A dé F. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ náà lọ rí B, ó sì kọ 8. Ká ní O ló kọ ní ipò 0 ni, sọ́fítíwíà ìbá ti kọ̀ ọ́, nítorí O kò sí lára àwọn àmì yẹn. Ṣùgbọ́n B àti 8 tọ́ lójú rẹ̀, nítorí náà ó gbà á wọlé. OLT gba àṣẹ pé kí ó máa retí ẹ̀rọ kan tí kò sí níbì kankan, ó sì ń retí rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ gidi tó wà lára ògiri dókítà jẹ́ àjèjì sí i. Sọ́fítíwíà náà ń dúró kí OLT sọ pé ẹ̀rọ ti jí. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé bí wákàtí mélòó kan bá kọjá, kí ó pariwo. Ìdí nìyí tí ọ́dà fi lè wà lórí "In Progress" fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí àmì àṣìṣe kankan. Bí mo bá ní kí n fura sí ohun kan nínú ọ́dà 40 tiyín, ibi ìdúró tí kò lópin báyìí ni n ó kọ́kọ́ wò.

Ọ́dà kejì dé ìkarùn-ún sì tún da serial number tí kò tọ́ yẹn kọ láti ara ti àkọ́kọ́, nítorí bọ́tìnnì "Copy" la lò kí iṣẹ́ lè yá. Nígbà tí àṣẹ kejì dé OLT, OLT dáhùn pé òun ti ní ẹ̀rọ yìí lórí, sọ́fítíwíà sì ka ìdáhùn náà sí àṣìṣe. Inú àkọsílẹ̀ kan tí àwa kò ní àṣẹ láti ṣí ni àṣìṣe yẹn wà. A kọ ìwé sí àwọn tó ta sọ́fítíwíà náà. Ọjọ́ 11 gbáko ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn pé dátà wa ni kò dára, pé kò sí ohun tó ṣe sọ́fítíwíà àwọn. Dátà wa kò dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n rí ibi tí àìdára náà wà, wọn kò sì fi hàn wá. Àdírẹ́sì tí àwọn fúnra wọn hùmọ̀, tí ó ní nọ́ńbà ilé àti òpópónà tó mọ́ lóló, ni wọ́n fi dán iṣẹ́ wọn wò, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà mọ bí àdírẹ́sì ṣe rí lọ́dọ̀ wa: "ilé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn tirafọ́mà". Bí a bá tẹ irú rẹ̀ lọ́nà méjì, ilé kan di méjì lójú sọ́fítíwíà. Ẹ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìtajà yín máa gba nọ́ńbà òpó àti ipò GPS ilé mọ́ ọ́dà, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò pọn dandan.

Ohun tó dùn mí jù ni ti bíìlì. Nínú katalọ́ọ̀gì wa, wọn kò so iṣẹ́ bíìlì mọ́ iṣẹ́ OLT, nítorí náà ọ́dà àkọ́kọ́ ti ṣí àkáǹtì lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ dé, àkáǹtì náà sì ń ka owó. Dókítà náà gba bíìlì oṣù méjì fún ohun tí kò lò rí. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa, ó tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì mi, ó sì sọ pé dátà orí fóònù òun ni òun fi ń fi èsì àyẹ̀wò àwọn aláìsàn ránṣẹ́ ní gbogbo àkókò yìí. N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo tọrọ àforíjì, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ mi ló tẹ méjì nínú ọ́dà márùn-ún yẹn.

Ẹ kọ pé ẹ ó fi ìlà fóònù kún ọjà yín láìpẹ́, nítorí náà ẹ gba ìkìlọ̀ yìí. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ SIM fún oníbàárà, nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n IMSI tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá SIM mọ̀, tó ní òǹkà 15 tó sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 621 ní Nàìjíríà, ti yí. Bí ọ́dà bá há lẹ́yìn tó ti yọ ti àtijọ́ tí kò sì tíì fi tuntun sí i, ẹni náà kò ní fóònù, kò sì ní rí kóòdù tí báńkì rẹ̀ ń fi ránṣẹ́. Ẹ má gba irú ọ́dà bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Fúráídè tí àwọn ẹ́ńjíníà ń lọ sílé. Bí àyẹ̀wò NIN kò bá sì lọ, kí ọ́dà dúró. Ẹ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan fi NIN ẹlòmíràn ran oníbàárà lọ́wọ́, bó ti wù kí ìlà gùn tó.

Ní ti ọ́dà 40 yẹn, ẹ má tò wọ́n ní ọjọ́-ọjọ́ bí ọ̀gá yín ṣe fẹ́. Ẹ tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí olúkúlùkù dúró lé lórí, ẹ ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kó jọ sí ibì kan tàbí méjì. Bí sọ́fítíwíà yín bá tẹ̀lé ìlànà TM Forum, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, ó yẹ kí ó lè fi "Held", ìyẹn ọ́dà tí ìṣòro kan lọ́dọ̀ yín dá dúró, hàn yàtọ̀ sí "Pending", tó ń retí pé kí ẹnì kan ṣe nǹkan, àti sí "Partial", tí apá kan rẹ̀ parí tí apá kan sì kùnà. Bí gbogbo wọn bá ń fara hàn yín bí "In Progress", ẹ bi àwọn tó tà á ìdí rẹ̀, ẹ sì gba ìdáhùn náà ní kíkọ sílẹ̀. Kí wọ́n fún yín ní àṣẹ láti ka ìdáhùn OLT fúnra yín. Nígbà mìíràn ẹ ó rí i pé iṣẹ́ náà ti parí lórí OLT, pé ìdáhùn rẹ̀ ló pẹ́ kó tó dé, tí sọ́fítíwíà sì rò pé ó kùnà.

Lẹ́yìn ìyẹn, fún ọ́dà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ohun tó wà nínú ọ́dà wé àkọsílẹ̀ ohun èlò, kí ẹ sì fi méjèèjì wé ohun tó wà lórí òpó àti lára ògiri. Ẹ ní kí ẹni tó wà níbẹ̀ ya fọ́tò ìdí ẹ̀rọ, kí ó má kà á fún yín lórí fóònù. Ibi tí kò bá bára mu ni kí ẹ tún ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ́dà kan náà tẹ̀síwájú láti ibi tó dúró sí, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́. Ẹ̀yin kò gbọ́dọ̀ wọ inú OLT lọ fi ọwọ́ tún un ṣe kí oníbàárà lè dákẹ́, nítorí àkọsílẹ̀ kò ní mọ̀, ọ́dà tó bá tẹ̀lé e ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Kí gbogbo èyí tó parí, ẹ lọ bá àwọn tó wà ní ẹ̀ka bíìlì lónìí, kí wọ́n dá owó kíkà dúró lórí gbogbo àkáǹtì tí ọ́dà 40 yẹn ti ṣí. Kí oṣù tó parí ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ sì pe àwọn oníbàárà náà fúnra yín kí wọ́n tó pe NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, lórí 622.