Èsì: Ṣúgà màmá yín àti ìrònú

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bèèrè bóyá ìrònú lè mú kí ṣúgà màmá yín máa ga, kí ẹsẹ̀ sì máa jó wọn lóru. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Tí ọkàn bá dàrú, ara á tú cortisol (èròjà tí ara ń pèsè nígbà ìdààmú) sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ á sì da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà tó ga pẹ́ ló ń ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ jẹ́, tí ẹsẹ̀ fi ń jóni. Ìrora ò ní jẹ́ kí wọ́n sùn, àìsùn á tún dá kún ìrònú. Ẹni tí ayé sú sì lè má rántí lo metformin, oògùn ṣúgà. Ẹ má kàn ní kí wọ́n yé ronú (ta ló mọ̀ọ́mọ̀ ń ronú?), ẹ sọ ọ́ fún dókítà wọn. Oògùn kan wà, duloxetine, tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti irú ìrora ẹsẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n dókítà ni kó kọ ọ́.