Oúnjẹ Inú Spirited Away: Ṣé Kí N Jẹ́ Kí Ọmọ Mi Máa Wò Ó?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Manchester ni à ń gbé. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níléèwé ló ti gbọ́ nípa Spirited Away, kátúùnù tí Hayao Miyazaki ará Japan ṣe lọ́dún 2001. Ó bẹ̀ mí títí mo fi bá a wá a. Èmi náà ti wò ó rí kí n tó bímọ, ṣùgbọ́n ohun tí mo rántí kò ju ọmọbìnrin kan, ẹlẹ́dẹ̀, àti ẹ̀dá dúdú kan tó fi ìbòjú funfun bojú.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n wá láti Ìbàdàn. Wọ́n jókòó ti ọmọ, àwọn méjèèjì ń wò ó. Ìgbà tí bàbá àti ìyá inú fíìmù dé ilé oúnjẹ kan tí kò sí èèyàn níbẹ̀, tí wọ́n sì ki ọwọ́ bọ àwo, ni Màmá figbe ta: "Oúnjẹ ojú oorun nìyẹn! Ẹ pa á, ẹ pa á!" Nígbà tí àwọn òbí ọ̀hún wá di ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n ní iwin ni gbogbo wọn, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara mi gbé ẹ̀mí òkùnkùn wọlé. Ọmọ sunkún. A wò ó parí lọ́jọ́ kejì nígbà tí Màmá lọ ìpàdé àdúrà (kí Ọlọ́run dárí jì mí).

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ó yẹ kí ọmọ máa wo irú rẹ̀? Kí ni àwọn nǹkan inú rẹ̀ dúró fún? Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ilé aṣẹ́wó ni ilé ìwẹ̀ àwọn iwin tí ọmọ inú fíìmù náà ti ń ṣiṣẹ́. Ẹlòmíràn ní ọmọ náà àti òbí rẹ̀ ti kú nínú jàǹbá mọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó sì le jù ni pé ọmọ mi ń bi mí báwo ni Chihiro, ọmọbìnrin inú fíìmù náà, ṣe mọ̀ pé bàbá àti ìyá òun kò sí láàárín àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tò síwájú rẹ̀ níparí. N kò rí èsì fún un.

Ìyá Mopélọ́lá


ÌDÁHÙN

Ìyá Mopélọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ má bínú sí wọn rárá. Nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rí ibi tó yẹ kí èèyàn tẹjú mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí fíìmù yẹn ń sọ, oúnjẹ ni kó máa tọ̀ lẹ́yìn, láti àwo àkọ́kọ́ títí dé ife tíì tó kẹ́yìn.

Maryland ni èmi wà pẹ̀lú ìyàwó mi àti àwọn ìbejì wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, mo ṣì wà ní yunifásítì ní Ifẹ̀, dírágónì funfun yẹn nìkan ló wù mí. Ní báyìí tí mo ti di bàbá ọmọ, bàbá inú fíìmù náà gan-an ni ojú mi ń wá. Ẹ tún ibẹ̀ wò. Ọmọ ń bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn máa lọ, pé àwọn tó ni oúnjẹ á bínú. Bàbá rẹ̀ ní kó fọkàn balẹ̀, bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, òun ní káàdì, òun ní pọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ó ti kọ́kọ́ wo àwọn ilé àwókù ibẹ̀, ó sì ti ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ pé irú ọgbà ìgbafẹ́ báyìí pọ̀ nígbà kan, pé ìgbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ni gbogbo wọn run. Òótọ́ ló sọ. Ní Japan, owó gbòde kan lápá ìparí ọdún 1980 sí 1989, ilẹ̀ àti ilé wọ́n bí ojú, kí gbogbo rẹ̀ tó wó lulẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí 1999. Ọkùnrin yìí dúró sórí àwókù owó, ó mọ̀ pé àwókù owó ni, síbẹ̀ ó ń fi owó fọwọ́ sọ̀yà. Kò tọrọ, kò dúró de olóúnjẹ. Ìyẹn ló sọ wọ́n di ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹ̀rù tó ba Màmá kò ṣàjèjì sí àwọn ará Japan náà. Nínú Kojiki, ìwé ìtàn àtijọ́ wọn tí wọ́n kọ parí lọ́dún 712, Izanami kú, ọkọ rẹ̀ Izanagi sì tọ̀ ọ́ lọ sí ìlú àwọn òkú pé kó padà wálé. Obìnrin náà dá a lóhùn pé ó ti pẹ́ jù, òun ti jẹ oúnjẹ ibẹ̀. Nítorí náà, tí Màmá bá ní oúnjẹ ojú oorun ni, ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó ya àwòrán náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí Miyazaki ti yí i po nìyí. Kò pẹ́ sígbà náà ni ara Chihiro bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, ọwọ́ rẹ̀ dà bí ohun tí a lè rí òdìkejì rẹ̀. Haku, ọmọkùnrin tó tún jẹ́ dírágónì funfun yẹn, sáré bá a, ó ní kó gbé èso kékeré kan mì, pé bí kò bá jẹ nǹkan ilẹ̀ ibẹ̀, yóò pòórá ni. Oúnjẹ ilẹ̀ kan náà, ó sọ òbí di ẹran, ó gba ọmọ là. Níbi tí ìyàtọ̀ wà, ẹnì kan ló mú un fún un, ó sì mọ ìdí tó fi jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Haku tún fún un ní ìrẹsì tí wọ́n fi ọwọ́ ṣù. Láti ìgbà tí òbí rẹ̀ ti yí padà, ọmọ yìí kò tíì sunkún dáadáa. Ìgbà tó gé ìrẹsì yẹn jẹ ni omijé tó tóbi bí ẹyin ẹyẹ wá ń já bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó mi kì í lè wo ibẹ̀ láìnu ojú.

Ẹ wá fi èyí wé Kaonashi, ẹ̀dá oníbòjú tí ẹ rántí. Kò ní ohùn tirẹ̀. Ohùn ọ̀pọ̀lọ́ tó kọ́kọ́ gbé mì ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwẹ̀ fẹ́ràn wúrà, ó bá ń fọ́n wúrà, àwọn náà ń gbé àwo oúnjẹ lé àwo oúnjẹ, ó ń jẹ, ó ń wú, ó tún gbé àwọn tó ń gbé oúnjẹ wá mì. Ó na wúrà sí Chihiro, ọmọ ní òun kò fẹ́. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, wúrà náà di iyẹ̀pẹ̀. Àwọn ìbejì mi máa ń pe Kaonashi ní èèyàn burúkú, èmi ò gbà. Àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni ni, tó rò pé rírà ni èèyàn ń ra ọ̀rẹ́. A mọ irú wọn ní gbogbo òde ìnáwó tí à ń lọ nílùú òyìnbó yìí.

Ti àwọn iwin ńkọ́? Ẹ̀sìn Shinto àwọn ará Japan gbà pé nǹkan púpọ̀ ló ní ẹ̀mí: odò, òkè, igi. Wọ́n máa ń sọ pé òrìṣà wọn jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́jọ, ìyẹn ni pé wọn kò lóǹkà. Nínú fíìmù yìí, ẹnikẹ́ni kò bọ wọ́n, wọn kò sì sọ fún ọmọ pé kó bọ àwọn. Ó ti rẹ̀ wọ́n ni, wọ́n wá wẹ̀, wọ́n ń sanwó bí oníbàárà. N kò fara mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó máa ń kéde pé Ọ̀ṣun ni tibí, Ṣàngó ni tọ̀hún. Ẹ jẹ́ kí tàwọn ará Japan jẹ́ tiwọn. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti rò pé Màmá á dá nǹkan mọ̀ ni orúkọ fíìmù náà lédè Japan: láyé àtijọ́, bí ọmọ bá dédé sọnù níbẹ̀, wọ́n á ní àwọn òrìṣà ló gbé e pamọ́. Àwọn àgbà tiwa náà máa ń sọ pé Àjà ló gbé èèyàn wọ igbó, tó sì kọ́ ọ ní ewé kó tó dá a padà sílé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Inú wọn lè dùn sí ọ̀rọ̀ náà ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ibòmíràn tó kan Màmá gbọ̀ngbọ̀n ni ti odò. Àlejò kan wọlé, ó ń rùn débi pé ìrẹsì bàjẹ́ nínú àwo, gbogbo ilé ń sá. Chihiro tó ń wẹ̀ ẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan lára rẹ̀ bí ẹ̀gún. Wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n fà á: kẹ̀kẹ́ ológeere ló jáde, lẹ́yìn rẹ̀ ni pàǹtírí ń ya bí òkè. Odò ni àlejò náà. Miyazaki kò fi orí ro èyí. Òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti jọ gbá odò itòsí wọn rí, wọ́n sì fa kẹ̀kẹ́ jáde nínú rẹ̀. Haku fúnra rẹ̀, odò ni òun náà. Wọ́n ti di odò rẹ̀ pa, wọ́n kọ́ ilé gbígbé lé e lórí, ìdí nìyẹn tí kò fi ní ibi tí yóò padà sí. Bákan náà ni wọ́n bo ọ̀pọ̀ odò mọ́lẹ̀ ní Tokyo nígbà tí wọ́n ń múra Òlíńpíìkì ọdún 1964. Ará Ìbàdàn ni Màmá. Ẹ kàn bi wọ́n léèrè ohun tí Ògùnpa ṣe ní August 1980, nígbà tí ilé àti ilẹ̀ ti fún odò mọ́lẹ̀, kí Mopélọ́lá sì jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́.

Ní ti orúkọ tí Yubaba, àjẹ́ tó ni ilé ìwẹ̀ náà, já gbà lọ́wọ́ ọmọ náà, gbogbo wa tí wọ́n ń gé orúkọ ọmọ wa kúrú níléèwé ló máa ń rí ìyẹn lójú ẹsẹ̀, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Lóòótọ́, nílẹ̀ Japan nígbà tí wọ́n ń pè ní Edo (ọdún 1603 sí 1868), àwọn ilé ìwẹ̀ kan wà tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ta ara wọn, ẹni tó bá mọ ìtàn lè rí òjìji rẹ̀ nínú fíìmù náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò nílò rẹ̀. Ohun tó wà lójú àwòrán ni pé ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ nínú ilé yẹn, Yubaba á sọ ọ́ di ẹranko. Ìyẹn nìkan ti tó í bá ọmọ sọ. Ti pé wọ́n ti kú, mo kọ̀ ọ́ pátápátá. Nígbà tí wọ́n jáde, ewé àti eruku ti bo mọ́tò wọn, okùn ìdirun tí wọ́n hun fún ọmọ náà lọ́hùn-ún sì wà nírun rẹ̀ síbẹ̀. Òkú kì í bá eruku lórí mọ́tò.

Ó wá ku ìbéèrè Mopélọ́lá. Fíìmù náà kò ṣàlàyé rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi rí nìyí, oúnjẹ náà ló gbà mí dé ibẹ̀. Lẹ́yìn tí odò wẹ̀ tán, ó fún Chihiro ní oògùn ṣíṣù kan tó korò bí ewúro. Ọmọ náà gbèrò láti fi pamọ́ fún àwọn òbí rẹ̀. Ó tilẹ̀ lálàá pé òun gbé e lọ sí ilé ẹlẹ́dẹ̀, gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ ya lù ú, kò sì mọ èwo ni bàbá tàbí ìyá òun. Ẹ̀rù yẹn ló ń gbé kiri. Nígbà tí Haku ń kú lọ, ó bu ìdajì oògùn náà fún un. Nígbà tí Kaonashi ya ẹhànnà, ó fún un ní ìyókù, ó sì sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé àwọn òbí òun ni òun ń fi í pamọ́ fún. Ọwọ́ òfìfo ló fi wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn lórí omi, ọkọ̀ tí kì í padà, lọ sílé Zeniba, ìbejì Yubaba, níbi tí wọ́n ti jọ jókòó mu tíì wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tó fi máa dúró síwájú àwọn ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀rù àlá yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà yóò mú ọ̀kan ṣáá ni, nítorí Yubaba ti sọ fún un pé àwọn òbí rẹ̀ wà níbẹ̀. Òun wò wọ́n dáadáa, ẹlẹ́dẹ̀ lásán ló rí.

Táíwò mi kò fara mọ́ èsì mi. Ó ní ọmọ náà ti bá Yubaba ṣiṣẹ́ pẹ́ tó láti mọ̀ pé jìbìtì wà nínú ohunkóhun tí obìnrin náà bá fẹnu sọ. N kò lè jà á níyàn.

Jẹ́ kí ó máa wò ó, ìyá rere. Àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá tó jẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Miyazaki ní lọ́kàn nígbà tó ń ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ wà níbi tí dírágónì ti fara gbọgbẹ́, ẹ dúró tì í níbẹ̀, ẹ má sì tíì fi han àbúrò rẹ̀ bó bá ní. Ṣùgbọ́n ẹ wá èyí tí wọ́n ń sọ èdè Japan nínú rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sí ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ kún ìparí, bàbá ń sọ nípa ilé tuntun àti iléèwé tuntun, ọmọ sì ń fi í lọ́kàn balẹ̀ pé òun á lè ṣe é. Nínú ti Japan, kò sí èyí. Ìyá tún sọ fún ọmọ nínú ihò ojú ọ̀nà pé kó má lẹ̀ mọ́ òun, bó ṣe sọ nígbà tí wọ́n ń wọlé gẹ́lẹ́. Àwọn òbí kò rántí nǹkan kan, kò sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Mo fẹ́ kí òbí tó bá ń wò ó rí ìyẹn láìsí ẹni tó bá a bò ó mọ́lẹ̀.

Bí Màmá bá gbà láti jókòó, kí Mopélọ́lá máa ka Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ yẹn, kó sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wọn. Ìṣẹ́jú 125 ni gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, kí ó má bàa kan àkókò àdúrà.

Bàbá Ìbejì