Ṣé Àjogúnbá Ni Júdò Tí Ọmọ Mi Ń Kọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi ń kọ́ júdò ní àdúgbò wa, mo sì gbà pé àṣà àwọn baba ńlá àwọn ará Japan ni. Bàbá rẹ̀ ní eré ìdárayá òde òní lásán ni, pé ojúlówó rẹ̀ ti parun. Ta ni ká gbà gbọ́ nínú wa? (Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Òótọ́ ni bàbá ọmọ sọ lórí ọjọ́ orí júdò, nítorí pé ọdún 1882 ni Kano Jigoro dá a sílẹ̀ nínú tẹ́ḿpìlì Eishoji ní ìlú Tokyo, ṣùgbọ́n a kò lè bá wọn gbà pé ojúlówó ti parun.

Ṣáájú ọdún 1868, ọwọ́ àwọn jagunjagun tí wọ́n ń pè ní samurai ni agbára wà ní Japan, ilé ẹ̀kọ́ ìjà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀gá àti àṣírí tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba tuntun gorí àlééfà, tí òfin ọdún 1876 sì ka idà gbígbé kiri léèwọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀gá. Kano ti kọ́ jujutsu, ìyẹn ìjà ọwọ́ àtijọ́ ti Japan, lọ́dọ̀ àwọn àgbà ilé ẹ̀kọ́ Tenjin Shinyo àti ti Kito kí ó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ó yọ àwọn ọgbọ́n tó lè ṣe ènìyàn léṣe kúrò nínú ìjà ìdánrawò, ṣùgbọ́n kò sọ wọ́n nù. Ó tọ́jú wọn sínú kata, èyí tí í ṣe ìgbésẹ̀ tí a ti tò sílẹ̀ tí ẹni méjì jọ ń ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, Koshiki no kata, ti ilé ẹ̀kọ́ Kito wá. Bí ẹ bá wò ó, ẹ óò rí i pé àwọn méjèèjì ń rìn tìwúwo-tìwúwo, ẹ̀yìn wọn nà ṣánṣán, nítorí pé fún àwọn tó wọ ẹ̀wù ogun ni wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó bá rí èyí kò ní pè é ní eré lásán.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjà kan tilẹ̀ wà tí kò bá ayé yí. Ní agbègbè Chiba, Tenshin Shoden Katori Shinto-ryu, tí Iizasa Ienao dá sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ṣì ń kọ́ni ní idà, ọ̀kọ̀ àti ọ̀pá gígùn. Ìjọba agbègbè náà sì ti kà á sí àjogúnbá láti ọdún 1960. Wọn kì í díje níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, àṣà wọn ni pé kí ó fi ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ̀ búra, ohun tí kò lè ṣàjèjì sí àwa tí a mọ bí ìmùlẹ̀ ti wúwo tó.

Kendo, ìyẹn ìjà idà, jẹ́ ti òde òní bíi júdò, pẹlẹbẹ ọparun mẹ́rin tí a dì pọ̀ ló rọ́pò idà níbẹ̀. Kàráte ní tirẹ̀ ti erékùṣù Okinawa wá, Funakoshi Gichin sì ṣàfihàn rẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1922.

Mo rò pé ìdíje gan-an ló ń kọ bàbá ọmọ lóminú. Láti ìgbà tí júdò ti wọ Òlíḿpíìkì lọ́dún 1964, àwọn olùkọ́ kan ń kọ́ ọmọ ní kìkì ohun tí yóò gba máàkì, kata sì di ohun tí wọ́n ń kọ́ kánmọ́kánmọ́ nígbà tí ìdánwò bẹ́líìtì dúdú bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àníyàn gidi ni, òun náà ló sì mú kí àwọn àgbà kendo ní Japan kọ̀ láti wọ Òlíḿpíìkì.

Nítorí náà, ẹ lọ wo bí ọmọ ṣe ń ṣubú. Bí wọ́n bá kọ́ ọ dáadáa, yóò ká àgbọ̀n mọ́ àyà, yóò sì fi apá gbá ẹní gbàmù bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi olùkọ́ rẹ̀ bóyá ó ń kọ́ wọn ní Nage no kata, tí ó ní ọ̀nà ìgbéṣubú 15. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pe bàbá ọmọ kí ó wá fojú ara rẹ̀ rí i.