Etí ike ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá pàǹtírí ni tàbí ohun ọ̀ṣọ́

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o ti kó ọmọrí ìgò àti ọ̀rá píọ̀wọ́tà jọ, o fẹ́ máa fi wọ́n ṣe yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn, àmọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó o fi iṣẹ́ rẹ hàn sọ pé pàǹtírí ni, òun ò lè sanwó pàǹtírí. O wá ń béèrè bóyá o lè yọ́ ike lórí gáàsì ilé ìdáná, àti ohun tó o lè ṣe káwọn èèyàn má bàa pè é ní pàǹtírí mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ni màá sọ fún ẹ.

Má yọ́ ike kankan lórí gáàsì tó o fi ń se oúnjẹ. Kì í ṣe pé kò ní yọ́, yóò yọ́. Àmọ́ o ò lè wọn iná gáàsì: apá kan á ti máa jó nígbà tí apá kejì ò tíì rọ̀, èéfín á sì kún inú ilé tí ẹ ń sùn. Ẹnì kan wà tá a jọ bẹ̀rẹ̀, inú yàrá tó ní fèrèsé ẹyọ kan ló ti ń ṣe tiẹ̀. Ikọ́ ló lé e kúrò nídìí iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ já fáfá ju tèmi lọ. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Ìta gbangba ni kó o ti máa ṣe é, kí atẹ́gùn máa ti ẹ̀yìn rẹ fẹ́ èéfín lọ síwájú. Ààrò iná mànàmáná kékeré tó o bá rà fún un, oúnjẹ ò gbọ́dọ̀ wọnú rẹ̀ mọ́ láé.

Kó o tó dáná rárá, mọ irú ike tó wà lọ́wọ́ rẹ. Yí ìdí rẹ̀ sókè, wàá rí àmì onígun mẹ́ta kékeré kan tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. 1 ni ìgò omi àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó mọ́ gaara. 2 ni ọ̀pọ̀ kẹ́ẹ̀gì àti ike ọṣẹ olómi. 3 ni páìpù omi àti ohun tí wọ́n fi ń bo wáyà iná. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà sábà máa ń jẹ́ 4. Abọ́ oúnjẹ olómọrí àti ọ̀pọ̀ àga ike ni 5. Ṣíbí àlòsọnù wà lára 6, òun náà sì ni páàkì oúnjẹ funfun tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin dè ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ohun tó kù ni wọ́n kó sábẹ́ 7.

Má fi iná kan 3 láé. Gáàsì ásíìdì ló máa ń tú jáde, á ta ojú àti imú, kódà á jẹ irin tó bá wà nítòsí. Mo yẹra fún 6 náà nítorí èéfín rẹ̀. Ike dúdú ara tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà àlòkù, má gbé e sára ẹnikẹ́ni, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti po kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí iná tètè ràn mọ́ ọn.

Ọmọrí kì í sábà ní nọ́ńbà. Omi ni mo fi ń dán irú ẹ̀ wò. Bu omi sínú abọ́, kán ọṣẹ díẹ̀ sí i kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé ike dúró, kó o wá ju èyí tó o gé sínú rẹ̀. 2, 4 àti 5 máa léfòó, 1 àti 3 máa rì, 6 tí kì í ṣe fóòmù náà máa rì. Àmọ́ omi kò lè ya 2 àti 5 sọ́tọ̀ fún ẹ, bẹ́ẹ̀ inú àwọn méjèèjì ni wọ́n ti ń ṣe ọmọrí ìgò. Ó ṣe pàtàkì kó o yà wọ́n, torí wọn kì í lẹ̀ mọ́ra. Tó o bá yọ́ wọn pọ̀, ojú iṣẹ́ náà á dáa, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá já bọ́ sílẹ̀, á là sí ìpele-ìpele. Fi díẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ààrò ní nǹkan bíi 145°C. Nǹkan bíi 130 ni 2 ti ń yọ́, 5 kò ní yọ́ títí á fi tó 160. Èyí tó bá rọ̀, 2 ni. Èyí tó bá ṣì le, 5 ni.

Orí 2 ni mo fẹ́ kó o dúró sí ná. Fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ dáadáa, torí omi tó bá kù sára rẹ̀ á di ihò nínú ike. Gé e wẹ́wẹ́, tò ó sórí bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì, gbé e sínú ààrò ní nǹkan bíi 170 sí 180°C. Tó bá ti rọ̀ bí iyán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú odó, wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ká a, lọ́ ọ, tún un ká, kí àwọ̀ máa wọnú ara wọn. Gbé e sáàárín pákó méjì tó dán, fi kíláàǹpù tàwọn káfíńtà fún un mọ́lẹ̀, má sì tú u títí á fi tutù dé inú. Ike yìí máa ń sún kì bó ṣe ń tutù, tó o bá kánjú tú u sílẹ̀, á tẹ̀. Nígbàkigbà tó o bá rí èéfín, iná ti pọ̀ jù nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa da gbogbo àwọ̀ pọ̀. Iṣẹ́ tó ní pupa, ìyeyè, búlúù àti àwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀kan náà kì í jẹ́ kí ojú rí ibi tó máa dúró sí. Àwọ̀ méjì pẹ̀lú funfun tó fún mi. Ike tó ti pẹ́ nínú oòrùn ńkọ́, tó ti ń ta ìyẹ̀fun funfun sí ọwọ́? Fi í sílẹ̀, oòrùn ti jẹ inú rẹ̀, á fọ́. Èyí tó mọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì jí, wà ní gbọ̀ngàn àríyá ní alẹ́ Sátidé, tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa ike. San owó wọn fún wọn. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ gúlù ló kàn. Súpà gúlù kì í mú 2, 4 àti 5. Ó lè dà bíi pé ó mú un lónìí, á ṣí tó bá yá, yẹtí oníbàárà rẹ á sì bọ́ sílẹ̀ lójú agbo. Ihò ni kó o lu. Gé wáyà idẹ kúkúrú, tì í bọ inú ihò náà, kó o fi òòlù kékeré lu orí rẹ̀ níhà méjèèjì títí á fi pẹ̀rẹ̀sẹ̀ tí kò ní lè yọ mọ́. Má fi ìdè yìí pa mọ́. Jẹ́ kí idẹ náà hàn lójú iṣẹ́, kó o ronú sí ibi tí wàá fi í sí bó o ṣe ń ronú sí àwọ̀.

Ibi tá a ti fẹ́ dáhùn ọ̀rọ̀ pàǹtírí nìyí. Wo yẹtí tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, wàá rí i pé etí rẹ̀ rí jágajàga, tàbí ó ṣì ní fọ́nrán tín-ín-tín lára, tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ò dán bí ojú rẹ̀. Ìka ni oníbàárà fi ń mọ̀, ojú rẹ̀ ò tíì wo àwọ̀ tán tí ìka rẹ̀ á ti rìn yí etí ká. Tó o bá ń fi ayùn gé ike, má sáré, torí ayùn tó ń sáré ń gbóná, ike á sì máa yọ́ lẹ̀ padà mọ́ ibi tó o gé. Má fi bébà ìdán bẹ̀rẹ̀ etí 2, ńṣe ló máa hu irun. Abẹ tó mú ni kó o fi ha etí náà, kó o gbé e dúró ṣánṣán, kó máa bọ́ féléfélé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni bébà ìdán nọ́ńbà 400, lẹ́yìn náà 800 tó kúnná jù ú lọ, inú omi ni kó o ti lò ó kí eruku má bàa wọ imú rẹ. Fi aṣọ àtijọ́ sẹ́ omi náà kó o tó dà á nù, torí eruku ike tó bá wọ gọ́tà, odò ló ń lọ. Ó máa ń gbà mí lákòókò láti ṣe etí ju láti yọ́ ike lọ, mi ò sì mọ ọ̀nà àbùjá kankan.

Fún ìkọ́ yẹtí, lo fàdákà tàbí irin tó dáa tí kì í dógùn-ún. Ìkọ́ olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń ní níkẹ̀lì nínú, etí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbà á, á máa yún wọn, á sì wú. Ike rẹ ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Rántí ẹ̀bùn tí ike ní pẹ̀lú: 2 fúyẹ́ ju omi lọ, idẹ sì wúwo ju omi lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po mẹ́jọ. O lè ṣe yẹtí tó gùn dé èjìká tí kò ní fa etí ya. Peter Chang, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní ọdún 2017, lo ẹ̀bùn yìí dáadáa nígbà ayé rẹ̀: ike àlòkù ló gé mọ́ra wọn, ó dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà, ẹ̀gbà ọwọ́ tó ṣe sì tóbi gan-an.

Ìgò tó mọ́ gaara, nọ́ńbà 1, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Má yọ́ ọ, nǹkan bíi 250°C ló fẹ́, tó bá sì tutù díẹ̀díẹ̀ á di funfun, á máa fọ́. Wọ́n na ara ìgò yẹn nígbà tí wọ́n ń fẹ́ ẹ, nítorí náà tí ooru bá kàn án, á fẹ́ padà sí bó ṣe wà, á ká kò. Ọrùn rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí wọn ò nà án. Gé ara ìgò náà bí òdòdó, kó o gbé e sókè iná àbẹ́là láìjẹ́ kí ahọ́n iná kàn án, kí èéfín dúdú má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Gülnur Özdağlar, ayàwòrán ilé kan ní Ankara lórílẹ̀-èdè Tọ́kì, sọ irú ìgò bẹ́ẹ̀ di ohun ọ̀ṣọ́ tí ẹlòmíì á rò pé díńgí ni. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà rọrùn: to bíi mẹ́fà lé ara wọn, kí ojú tí wọ́n tẹ̀wé sí wà nínú, fi bébà kéèkì bò ó lókè àti nísàlẹ̀, fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ tẹ̀ ẹ́. Á di awẹ́ kan ṣoṣo tó ṣeé rán.

Tí ẹnì kan bá tún sọ fún ẹ pé pàǹtírí ni, bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe lágídígba. Èèpo líle tó bo ẹkùrọ́ ni, ohun tó ń kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọmọ inú rẹ̀. Wọ́n gé e, wọ́n lu ú, wọ́n dán etí rẹ̀, àwọn ìyá wa sì fi í sídìí. Ní Odumase Krobo ní Gánà, ìgò tó ti fọ́ ni wọ́n ń gún kúnná tí wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ifeoma Anyaeji, ọmọ Nàìjíríà, ń fi òwú di ọ̀rá àlòkù bí wọ́n ṣe ń fi òwú di irun, ó pe iṣẹ́ náà ní Plasto-Art. Kò sí ìkankan nínú wọn tó dúró sórí àánú oníbàárà. Nítorí náà, má fi ọ̀rọ̀ àyíká bẹ̀rẹ̀ ìpolówó rẹ, èèyàn lè rà á lẹ́ẹ̀kan torí àánú, kì í padà wá. Ní ti iye owó, wákàtí tó o lò ni kó o kà. Má díye lé e nítorí pé ike wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣe yẹtí kan ṣoṣo látinú ọmọrí 2 kó o tó ra ẹ̀rọ mìíràn yàtọ̀ sí ààrò yẹn. Tó o bá parí rẹ̀, ya fọ́tò etí rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ wá, mi ò nílò ti ojú rẹ̀. Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n tó kù níbí á bá ẹ wò ó.