Láti Èkó dé Salvador: bó ṣe jìnnà tó, àti wákàtí tó ń gbà

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ fẹ́ mọ bí Èkó ṣe jìnnà sí Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl, àti iye wákàtí tí ọkọ̀ òfurufú máa lò.

Tí a bá wọ̀n ọ́n tààrà lórí òkun, nǹkan bí 5,100 kìlómítà ni. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju Èkó sí London lọ! Ká ní ọkọ̀ tààrà wà ni, bíi wákàtí méje ni ì bá gbà.

Ọ̀nà tí ẹ máa rí rà ló gùn. Ẹ wo ti Ethiopian Airlines, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Ethiopia: Addis Ababa, olú-ìlú wọn, ló máa kọ́kọ́ gbé yín lọ, nǹkan bí 3,900 kìlómítà sí ìlà oòrùn, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀ oòrùn ni Bràsíl wà. Láti ibẹ̀ dé São Paulo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000 kìlómítà, bíi wákàtí méjìlá. Ẹ ó tún wá wọ ọkọ̀ abẹ́lé lọ sí Salvador, bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Lójú òfurufú nìkan, tí a bá ka ti Èkó sí Addis Ababa mọ́ ọn, ó tó wákàtí mọ́kàndínlógún, láìka ìdúró. Ó ń dùn mí gan-an, nítorí ẹ̀jẹ̀ wa ló pọ̀ ní Bahia.

Tí ẹ bá fẹ́ gba Lisbon, ní Portugal, ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà ìrékọjá, kódà bí kò bá jáde ní pápákọ̀. Ẹ tètè béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ẹ má fi aago orí tíkẹ́ẹ̀tì ṣírò o. Èkó fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú Salvador: bí ẹ bá balẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ níbẹ̀, aago méjìlá òru ti lù nílé.