Èsì: Ṣé òótọ́ ni pé hummingbird lè fò sẹ́yìn?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹnì kan sọ fún yín pé hummingbird, ẹyẹ kékeré kan tó ń mu oje òdòdó, lè fò sẹ́yìn, ẹ sì rò pé àsọdùn ni. Kì í ṣe àsọdùn rárá. Oríkèé èjìká rẹ̀ ló fà á: bó bá ju apá síwájú, afẹ́fẹ́ á gbé e, bó bá dá a padà sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ á tún gbé e. Ìdí nìyẹn tó fi ń dúró gbọnin lójú kan nínú afẹ́fẹ́ níwájú òdòdó, tó sì fi lè fò sẹ́yìn. Àwọn kéékèèké inú wọn lè ju apá ju ìgbà 50 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, oorun rẹ̀ gan-an ló yani lẹ́nu. Tó bá ń fò, ọkàn rẹ̀ lè lù ju ìgbà 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Irú ara bẹ́ẹ̀ ń jẹ oúnjẹ bí iná ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ, ebi sì lè pa á kílẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, lóru tí òtútù bá mú, ara rẹ̀ á tutù nini, ọkàn rẹ̀ á rọra máa lù, ẹ ó rò pé ó ti kú. Bílẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́, á gbọ̀n jìnnìjìnnì títí ara rẹ̀ á fi móoru.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àríwá àti gúúsù, nìkan ni wọ́n wà. Ti Cuba kan wà tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 2. Kò sí ẹyẹ tó kéré jù ú lọ láyé.