Ọlọ́pàá Ní Ká Lọ Parí Ẹ̀ Nílé: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìbéèrè: Ọkọ mi ti lù mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù méjì. Mo dé tẹ́ṣàn, ọlọ́pàá tó wà ní káńtà ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ká lọ parí ẹ̀ nílé. Orúkọ ọkọ mi ló wà lórí rìsíìtì owó ilé. Tí mo bá pẹjọ́, ṣé èmi àtàwọn ọmọ ò ní di ẹni tó ń sùn síta? (Ìyá ọlọ́mọ méjì, Agége)

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ma. Láti ọdún 2007 ni òfin tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ ìwà ipá abẹ́lé ti wà ní ìpínlẹ̀ Èkó. Kì í ṣe lílù nìkan ló kà sí ìwà ipá: ìhàlẹ̀ wà níbẹ̀, dídọdẹ ẹni kiri wà níbẹ̀, kí ọkọ máa fi owó oúnjẹ fìyà jẹni náà wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ lè fún yín ní àṣẹ ààbò, adájọ́ sì lè kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé kí ọkọ má wọ ilé tẹ́ ẹ jọ ń gbé, orúkọ yòówù kó wà lórí rìsíìtì.

Ṣùgbọ́n kóòtù kọ́ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pe DSVA, àjọ tí ìjọba Èkó gbé ọ̀rọ̀ ìwà ipá abẹ́lé àti ìfipábánilòpọ̀ lé lọ́wọ́. Nọ́ńbà wọn ni 08000333333. Ọ̀fẹ́ ni, kódà tí káàdì ò bá sí lórí fóònù. Wọ́n á bá yín dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n á júwe lọ́yà tí kò ní gbowó, tí ilé ò bá sì ṣe é padà sí, wọ́n á bá yín wá ibi ààbò.

Lọ́jọ́ tó bá lù yín gan-an ni kẹ́ ẹ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ sọ ẹni tó lù yín àti ohun tó fi lù yín fún dókítà. Ojú máa ń ti ẹlòmíì, á ní òun ṣubú ní balùwẹ̀ ni. Ohun tí dókítà máa kọ sílẹ̀ nìyẹn, òun náà sì ni lọ́yà ọkọ máa kà sí adájọ́ létí. Ẹ ya fọ́tò ibi tó wú lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ tún yà á lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, torí ara dúdú kì í tètè fi ẹ̀jẹ̀ tó dì hàn. Kí ọ̀kan súnmọ́ ojú ọgbẹ́, kí ìkejì gbé ojú yín pẹ̀lú. Ẹ má ta fóònù náà, ẹ má sì pa àtẹ̀jíṣẹ́ ìhàlẹ̀ kankan rẹ́. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ní kí ìwé kan ṣàlàyé ẹ̀rọ tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ti jáde. Ẹ bi lọ́yà yín bóyá ó ti ṣe ìwé yẹn. Tí kò bá sí, ibẹ̀ ni ojúlówó ẹ̀rí ti ń di ìwé lásán.

Ibòmíì tó tún máa ń bàjẹ́ ni pé àṣẹ tí adájọ́ kọ́kọ́ fúnni, fún ìgbà díẹ̀ ni. Ó máa dá ọjọ́ tí ọkọ yóò wá sọ tẹnu ẹ̀. Àwọn ẹbí á wá bẹ̀bẹ̀, ìyàwó ò ní yọjú lọ́jọ́ náà, àṣẹ ọ̀hún á sì já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ, kódà tẹ́ ẹ bá ti dárí jì í. Ẹ rí i pé wọ́n fi ìwé àṣẹ náà lé ọkọ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ gbé ẹ̀dà kan lọ sí tẹ́ṣàn tó súnmọ́ yín, kí ìkejì sì wà nínú báàgì yín.

Ìbéèrè: Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Líbíà. Kó tó lọ, wọ́n gé irun àti èékánná ẹ̀ ní ojúbọ kan ní Benin, ó sì búra pé òun á san gbèsè màdáámù tó kó o lọ. Òun fúnra ẹ̀ ló gbà láti lọ. Ẹ̀rù ń bà á pé tóun bá sọ̀rọ̀, òun á ya wèrè, tàbí kí ìjọba ti òun mọ́lé. (Ẹ̀gbọ́n, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Gbígbà tó gbà kò dá ẹni tó kó o lọ láre. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí kíkó ènìyàn ṣòwò sọ bẹ́ẹ̀ gbangba, kò sì ní ká fi ẹ̀sùn kan ẹni tí wọ́n kó ṣòwò nítorí ohun tí wọ́n fipá mú un ṣe. NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò, ló ń bójú tó o. Ẹ pe 627, ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti ìbúra, ẹ rán an létí pé ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Benin, Ewuare Kejì, kó àwọn aláwo jọ sí ààfin, ó sì tú gbogbo irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ká. Ẹni tó ń bẹ̀rù ojúbọ, ọ̀rọ̀ ẹni tó ju ojúbọ lọ ló máa ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ wa níbí kò lè tó ìyẹn. Irun tí wọ́n gé náà, ẹ̀rí ni: ó fi hàn pé wọ́n fi ẹ̀rù dè é.

Ilé ààbò NAPTIP kì í ṣe àtìmọ́lé, àmọ́ ẹ má tan án. Ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni, ènìyàn kì í jáde bó ṣe wù ú. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n sábà ń lò níbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ èyí tẹ́lẹ̀ lè rò pé wọ́n tún ti tà á. Ẹ béèrè kó tó wọlé bóyá ó lè máa gba ìtọ́jú láti ilé.

Ẹ kọ orúkọ tí màdáámù ń lò lórí fóònù sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àti àkáǹtì tí wọ́n ń sanwó sí. Ìtàn àbúrò yín lè má to lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ.

Ìbéèrè: Mò ń gbọ́ igbe aládùúgbò mi lálaalẹ́ níbí ní Èkó. Ṣé èmi tí mi ò bá wọn tan lè pè? (Ayálégbé kan)

Ìdáhùn: Ẹ lè pè é, nọ́ńbà DSVA tó wà lókè yẹn náà ni. Ẹ sọ àdírẹ́sì àti àmì tí wọ́n á fi mọ ilé náà, bóyá ọmọdé wà níbẹ̀, bóyá ẹ gbọ́ ìró ohun ìjà. Ẹ má lọ kan ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ ní ẹ ti pe ìjọba; obìnrin náà ló máa jìyà ẹ̀ kí wọ́n tó dé.